Ilé Làbọ̀ Ìsinmi Oko: Ta Ni Yóò Dáàbò Bo Arúgbó LGBTQ Nínú Ilé Ìtọ́jú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Bí oòrùn pa ènìyàn lóko, bí òjò pa á lọ́nà, bí ọ̀rọ̀ burúkú bá a lọ́jà, ìrètí rẹ̀ ni pé bí òun bá ti délé, òun yóò ti ilẹ̀kùn, òun yóò sì nà gbalaja. Kí wá ni kí arúgbó ṣe bí ó bá jẹ́ pé inú ilé gan-an ni wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ẹ́? Ìbéèrè yìí ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Marsha Wetzel gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016. Ìdáhùn tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún un ní ọdún 2018 kan gbogbo ẹni tó ní òbí, ó kan gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó jẹun, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun dàgbà.

Obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni Wetzel. Ọgbọ̀n ọdún ni òun àti obìnrin tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ fi gbé pọ̀, wọ́n sì jọ tọ́ ọmọ kan dàgbà. Ní ọdún 2013, àrùn jẹjẹrẹ pa ẹnìkejì rẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí olóògbé lé Wetzel kúrò nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Opó ilẹ̀ Yorùbá tí ẹbí ọkọ ti kó ẹrù rẹ̀ síta rí kò nílò àlàyé lórí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2014, Wetzel, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, kó lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Glen St. Andrew, ní ìlú Niles, lẹ́bàá Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Owó tó ń san kó yàrá rẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, iyàrá ìgbafẹ́ àti ibi ìfọṣọ pọ̀.

Wetzel kò fi irú ẹni tí òun jẹ́ pamọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ti sọ, láàrin oṣù díẹ̀ ni ayé rẹ̀ dojú rú. Èébú di ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló fi ń rìn kiri. Ọkùnrin kan nínú ilé náà fi irin tó fi ń ti ara rẹ̀ rìn gbá kẹ̀kẹ́ náà, ó sì tì í ṣubú. Obìnrin kan fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kọlu tábìlì tí Wetzel ti ń jẹun, tábìlì náà sì dà lé e lórí. Níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ẹnìkan gbá a lẹ́yìn orí pẹ̀lú èébú lẹ́nu, títí tí ojú rẹ̀ fi wú. Nínú ẹ̀rọ tó ń gbé wọn lọ sókè sódò, wọ́n tutọ́ sí i lára.

Ó fi ẹjọ́ sùn. Àwọn alábòójútó ilé ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Wọ́n ní èèṣì ni, wọ́n tún pè é ní òpùrọ́. Ìwé ẹ̀sùn náà ní kàkà kí wọ́n bá àwọn tó ń lù ú wí, Wetzel gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ibi tó ti máa ń jẹun, wọ́n fi í sí ibi tí kò dára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó má jókòó sí iyàrá àbáwọlé mọ́, àfi bó bá fẹ́ bu kọfí. Wọ́n dẹ́kun títún yàrá rẹ̀ ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ méjì wọlé tọ̀ ọ́ lórí ibùsùn, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó mu sìgá, ọ̀kan nínú wọn sì gbá a létí. Ẹni tí a ní kó féni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹtì, Wetzel ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó ń jẹun ní yàrá, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Kì í lọ fọṣọ bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀. Kì í dé àjà kẹta mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń lù ú ń gbé. Ó sanwó ilé, ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ilé ọ̀hún.

Òfin tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé ni èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1968 lórí ilé títà àti ilé yíyá. Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. Nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú tí àwọn onílé ń lé lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ òfin náà. Ọdún 1974 ni wọ́n fi kún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ da ẹjọ́ Wetzel nù ní ọdún 2017. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé onílé kò lè ru ẹ̀ṣẹ̀ ohun tí ayálégbé ṣe sí ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Chicago yí ìdájọ́ náà padà. Adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ náà, Diane Wood, ló kọ ọ́. Wọn kò tíì sọ pé Wetzel jàre lórí gbogbo ohun tó sọ, nítorí pé ẹ̀rí ṣì kù tó gbọ́dọ̀ kó kalẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bó bá lè fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn, onílé yóò jẹ̀bi. Ìdí ni pé onílé mọ̀ pé wọ́n ń lu ènìyàn nínú ilé òun nítorí ẹni tó fẹ́ràn. Ìwé àdéhùn sì fún un ní agbára láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń lù ú, kódà láti lé wọn jáde. Onílé tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀, tó rí ìyà, tó sì káwọ́ gbera, ti lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Gbólóhùn yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ilé ìtọ́jú kò dà bí ibòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá dẹ́yẹ sí ní ọjà lè yí ẹsẹ̀ padà lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń fìyà jẹ lè wá iṣẹ́ sí ibòmíràn, bó tilẹ̀ le. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ibo ni yóò sá lọ? Ẹlòmíràn ló ń fún un ní oògùn rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bu oúnjẹ fún un, ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó ń gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́, kò nílò ẹgba. Ó lè pẹ́ kó tó dáhùn nígbà tí arúgbó bá ń pè. Ó lè jẹ́ kí omi ìwẹ̀ tutù. Ó lè wọ ibọ̀wọ́ méjì kó tó fọwọ́ kàn án, kí arúgbó náà lè mọ̀ pé wọ́n kórìíra ara òun.

Orúkọ tí ayé fi ń pe àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lápapọ̀ ni LGBTQ: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó lè fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹni tí wọ́n bí ní akọ tó ń gbé ìgbé ayé obìnrin tàbí ẹni tí wọ́n bí ní abo tó ń gbé ìgbé ayé ọkùnrin, àti àwọn mìíràn tó jọ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó yí láti akọ sí obìnrin tàbí láti abo sí ọkùnrin, ewu ilé ìtọ́jú pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tó ń wẹ arúgbó ti rí gbogbo ara rẹ̀. Kò sí àṣírí tó kù. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá sì ti mú un lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, aṣọ tí olùtọ́jú bá yàn ni yóò wọ̀, orúkọ tí olùtọ́jú bá sì pè é ni yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkété ló ní ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí kò bímọ. Àwọn mìíràn bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ ti kọ̀ wọ́n. Arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń wá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ẹni tí yóò bèèrè pé kí ló dá egbò yìí sí ọ lápá. Ẹni tí kò ní olùbẹ̀wò kò ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́ orí wọn náà tún dá kún un. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1940 ti pé ọmọ ọdún 27 kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales tó yé ka ìfẹ́ akọ sí akọ láàrin àgbà ní ìkọ̀kọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n, ní ọdún 1967. Ní Scotland, ó di ọdún 1980. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé àwọn àrùn ọpọlọ. Àwọn ẹni ọdún 80 tàbí 85 tó wà nínú ilé ìtọ́jú lónìí ti fi ìgbà èwe wọn sá fún ọlọ́pàá àti dókítà. Wọ́n rí ìtura nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀. Wàyí o, ní òpin ayé, àwọn kan nínú wọn tún ń yọ àwòrán olólùfẹ́ wọn kúrò lára ògiri kí olùtọ́jú tó wọlé. Fíìmù kan tí Stu Maddux ṣe ní ọdún 2010, tó pè ní Gen Silent, tẹ̀lé irú àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní ìlú Boston. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni ọjọ́ tí wọn yóò nílò ẹlòmíràn láti tọ́jú wọn.

Ìdẹ́yẹsí mìíràn kì í tilẹ̀ dúró di ìgbà tí arúgbó bá wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń pàdé rẹ̀. Ní ọdún 2016, obìnrin méjì tó ti wà pọ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún, tí wọ́n sì ti gbéyàwó lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts láti ọdún 2009, fẹ́ wọ ilé àgbàlagbà Friendship Village ní Sunset Hills, lẹ́bàá St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Wọ́n ti san dọ́là 2,000 sílẹ̀. Ilé náà ní àwọn kò lè gbà wọ́n sínú yàrá kan náà, nítorí pé ìgbéyàwó tí àwọn mọ̀ ni ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan, bí Bíbélì ti wí. Wọ́n pe ẹjọ́ ní ọdún 2018, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Bostock pé ẹni tó bá lé òṣìṣẹ́ nítorí irú ẹni tó fẹ́ràn ti dẹ́yẹ sí i nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ẹjọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n dá ẹjọ́ àwọn obìnrin méjèèjì padà láti tún un gbọ́, àwọn méjèèjì àti ilé náà sì parí rẹ̀ láàrin ara wọn kí ọdún náà tó pin. Ẹ wo ọdún mẹ́rin nínú ayé arúgbó. Ọ̀pọ̀ ni kì í ní ọdún mẹ́rin láti fi dúró de ilé ẹjọ́.

Ìdí nìyí tó fi sàn kí òfin ṣáájú ìyà ju kó máa sáré tẹ̀lé e lọ. Ìpínlẹ̀ California fi èyí hàn ní ọdún 2017 nígbà tó ṣe òfin fún àwọn LGBTQ tó ń gbé ilé ìtọ́jú. Òfin náà ní ilé ìtọ́jú kò gbọdọ̀ tìtorí irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ kọ̀ láti gbà á, kò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ lé e jáde tàbí dí olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti wá wò ó. Ó ní kí wọ́n lẹ ẹ̀tọ́ wọ̀nyí mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i, kí wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Apá tó sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tí wọn yóò máa pe àwọn tó ti yí padà fa ẹjọ́ gígùn. Àwọn yòókù jẹ́ ohun tí arúgbó èyíkéyìí lè bèèrè fún. Ní ọdún 2018, Massachusetts náà sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àgbàlagbà gba ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Chicago àti California. Ó kàn án gan-an, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà ìtọ́jú fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù tó gba ọ̀nà yẹn wọlé. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kò kéré, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà náà kò kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ilé tí Bíbélì tàbí Kùránì ti jẹ́ òpó wá, àti orílẹ̀-èdè tí òfin oṣù kìíní ọdún 2014 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Wọ́n gúnlẹ̀ ní Leeds tàbí Houston, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, wọ́n sì bá bàbá arúgbó kan pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin tó bá gbé fún ogójì ọdún.

Kí ni ó yẹ kí olùtọ́jú náà ṣe? Kó wẹ bàbá náà, kó fún un lóúnjẹ, kó sì nu àwòrán náà bí eruku bá wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Òfin kì í wọ inú ọkàn ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe ni òfin ń wò. Olùtọ́jú tó jẹ́ mùsùlùmí ń wẹ kìrìsìtẹ́nì, kìrìsìtẹ́nì ń bọ́ ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì sí ẹni tó sọ pé èyí ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́. Omi ìwẹ̀ kì í bi arúgbó léèrè ẹni tó fẹ́.

Àwọn tó bá rò pé òfin yìí ṣe ojúsàájú fún àwọn kan gbọ́dọ̀ wo Òfin Ìdọ́gba ti ọdún 2010 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nínú ìwé kan náà tó dáàbò bo ẹni tó fẹ́ akọ tàbí abo ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀, àwọ̀ ara àti ìran wà níbẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun kí arúgbó aláwọ̀ funfun kan sọ pé kí ọmọ Nàìjíríà má fọwọ́ kan òun, kó sì bú u ní orúkọ ẹranko. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ni olùtọ́jú náà ń fẹ́? Ó ń fẹ́ kí ọ̀gá má sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, tàbí pé arúgbó ni, kó fojú fò ó. Ohun tí Wetzel bèèrè fún náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dáàbò bo òun kò lè máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú apá kan òfin náà, kí wọ́n ju apá kejì nù.

Àríyànjiyàn kan wà tó lágbára jù èyí lọ. Àwọn tó lu Wetzel náà arúgbó ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, ilé wọn náà sì ni. Ṣé kí wọ́n fi ipá mú ẹni 80 ọdún láti fẹ́ràn ohun tó kórìíra láti kékeré ni? Rárá o. Kò pọn dandan kí ó bá a jẹun lórí tábìlì kan náà, kò pọn dandan kí ó kí i. Ṣùgbọ́n láàrin àìfẹ́ràn àti ìlukinilù, ààlà wà. Alábòójútó ló wà nídìí ààlà náà. Bí arúgbó tó ń lu ẹlòmíràn bá ní àìsàn ìgbàgbé, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tí ilé gbọ́dọ̀ yanjú, kò sọ ẹni tí wọ́n ń lù di ẹni tó yẹ kó máa sá pamọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro láti tò. Kí ilé ìtọ́jú kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tó bá lu ará ilé tàbí bú u nítorí irú ẹni tó jẹ́ yóò rí ìjìyà rẹ̀. Kí wọ́n kọ gbogbo ẹjọ́ tí arúgbó bá mú wá sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tí wọ́n ṣe sí i, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lẹ́yìnwá pé òun kò gbọ́. Kí wọ́n bi arúgbó léèrè lọ́jọ́ tó bá wọlé pé ta ni ẹni rẹ̀, ta ni kí àwọn pè bí ara rẹ̀ kò bá yá, dípò kí wọ́n máa bèèrè ọkọ tàbí ìyàwó nìkan. Kí ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọjá ìwé tí wọ́n kàn ń fọwọ́ sí. Kí àwọn alábẹ̀wò ìjọba sì bá àwọn tí kò ní olùbẹ̀wò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ìyà ti máa ń dákẹ́ jù.

Ènìyàn lè ní èrò tirẹ̀ lórí ìgbéyàwó, kó sì dì í mú títí dé sàréè. Ṣùgbọ́n kò sí ìwà ọmọlúàbí tó fi àyè gbà pé kí wọ́n máa gbá arúgbó létí lórí ibùsùn rẹ̀. Oúnjẹ tí Marsha Wetzel sanwó rẹ̀ wà ní gbọ̀ngàn, òun sì wà ní yàrá, ó ń dá jẹ ohun tó rí. Ilé tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti jáde ní yàrá inú rẹ̀ kì í ṣe ilé mọ́. Ẹni tó gba owó ilé náà ló jẹ gbèsè láti sọ ọ́ padà di àbọ̀ ìsinmi oko.